Houshang Seyhoun: Ayàwòrán-Ilé tí ó Kọ́ Ibojì fún Àwọn Àgbà Páṣíà

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí òwe yìí ti bá orúkọ ọmọ mu, bẹ́ẹ̀ náà ni ó bá iṣẹ́ ọwọ́ mu. Ẹni tí yóò fún ohunkóhun ní ìrísí ní láti kọ́kọ́ wo ibi tí ohun náà ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀kan lára àwọn tí ó fi ọjọ́ ayé wọn tẹ̀lé ìlànà yìí ni Houshang Seyhoun, ọmọ ilẹ̀ Ìránì, ilẹ̀ tí àwọn ará òkèèrè ń pè ní Páṣíà títí di 1935. Ayàwòrán-ilé ni, ọ̀jáfáfá nínú àwòrán yíyà ni, olùkọ́ sì ni pẹ̀lú. Òun ni ó ya àwòrán ilé tí ó bo ibojì Ibn Sina onímọ̀ ìṣègùn, ti Omar Khayyam akéwì àti onímọ̀ ìṣirò, àti ti Nader Shah jagunjagun. Òpómúléró ni orílẹ̀-èdè náà ka àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí.

Síbẹ̀, ọkùnrin tí ó tún ibi ìsinmi ṣe fún àwọn ẹlòmíràn kò parí ayé tirẹ̀ sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ìlú Vancouver ní Kánádà ni ó kú sí ní oṣù karùn-ún, 2014, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 93. Nǹkan bí ọdún 35 ni ó ti fi di àtìpó. Ohun tí àròkọ yìí yóò tọpinpin ni bí Seyhoun ṣe mú ọgbọ́n àtijọ́ àti ti òde òní ṣọ̀kan, àti ohun tí ó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ nígbà tí ilé tí ó ń wò kò sí ní àrọ́wọ́tó rẹ̀ mọ́.

Ilé tí ó ti jáde wá

Ìlú Tehran ni wọ́n bí Seyhoun sí ní 1920. Ìdílé olórin ni ìdílé ìyá rẹ̀. Bàbá ìyá rẹ̀ ni Mirza Abdollah, ọ̀gá àwọn olórin ìbílẹ̀ Páṣíà, ẹni tí ó ṣa àwọn ohùn orin àtijọ́ jọ tí ó sì tò wọ́n létòlétò, kí wọ́n má ba à parun. Àkójọ ohùn orin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní radif. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ yẹ ní àkíyèsí. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò jókòó ti ọ̀gá rẹ̀, yóò há ohùn kọ̀ọ̀kan sórí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìyí ohunkóhun padà. Ìgbà tí ó bá ti mọ gbogbo rẹ̀ tán ni ọ̀gá tó lè gbà á láàyè láti máa dá tirẹ̀ ṣe. Ẹni tí kò bá ní àkójọ náà nínú kò ní ohun tí yóò fi dárà.

Kò sí àní-àní pé ẹ̀kọ́ yìí hàn nínú iṣẹ́ tí ọmọ-ọmọ ọ̀gá olórin yìí ṣe nígbà tí ó dàgbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkúta àti kọnkéré ni ó fi ṣe tirẹ̀. Ó lọ sí Yunifásítì Tehran, ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà. Ọ̀gá àkọ́kọ́ ní ẹ̀ka náà ni André Godard, ará Faransé kan tí ó ti ń bójú tó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ìránì láti ọdún pípẹ́. Lẹ́yìn èyí, Seyhoun kọjá sí Paris, ó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ní 1949.

Ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀nà méjì ni àwọn ayàwòrán-ilé ń tọ̀ ní Tehran. Àwọn kan ń ṣe àdàkọ àtijọ́. Wọ́n a gbé òpó tí ó ní orí akọ màlúù, irú èyí tí ó wà ní ààfin Persepolis, wọ́n a sì fi ṣe ẹ̀ṣọ́ sára ilé ìfowópamọ́ àti ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá. Àwọn kejì gbàgbọ́ pé ohun tí ó ti lọ ti lọ. Ilé onígíláàsì àti onírin bí èyí tí ó wà ní Yúróòpù ni wọ́n ń fẹ́. Seyhoun kò bá ẹgbẹ́ kankan nínú méjèèjì lọ pátápátá. Ó gba irinṣẹ́ àti ìṣirò ti òde òní mọ́ra tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilé kankan láìkọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: ta ni ó ni ín, ìgbà wo ni ó gbé ayé, kí ni ó sì fi ayé rẹ̀ ṣe? Èyí hàn kedere bí a bá wo ibojì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ibojì Ibn Sina ní Hamadan

Ibn Sina ni ó kọ ìwé ìṣègùn ńlá tí a ń pè ní Qanun, ìwé tí wọ́n túmọ̀ sí èdè Látìn tí àwọn oníṣègùn Yúróòpù sì lò fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Òun fúnra rẹ̀ kò ní ibùjókòó kan pàtó. Ó fi agbègbè Bukhara tí wọ́n bí i sí sílẹ̀ nígbà tí ìjọba ibẹ̀ dàrú, ó ń ti ìlú dé ìlú, ó sì kú sí Hamadan ní 1037. Nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, ó sọ pé òun gbéra lọ wá Ọba Qabus, ẹni tí ó fẹ́ràn àwọn ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n kí òun tó débẹ̀, wọ́n ti mú ọba náà, ó sì ti kú sínú àtìmọ́lé.

Ọba Qabus yìí ti kọ́ ilé gogoro kan fún ara rẹ̀ ní 1006 ní àríwá ìlà-oòrùn Ìránì. Bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó ga ju mítà 50 lọ, ara rẹ̀ ní igun mẹ́wàá tí ó yọ síta gbọọrọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, òrùlé rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó. Kò ní ẹ̀ṣọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì dúró digbí títí di òní.

Ilé yìí ni Seyhoun wò. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe pé ó lẹ́wà nìkan. Ilé tí ó ti ìgbà ayé Ibn Sina wá ni, ilé ọba tí ọ̀mọ̀wé náà ń wá lọ láìbá a. Ṣùgbọ́n Seyhoun kò dà á kọ. Bíríkì tó di pinpin ni ti Qabus, ìmọ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọnú rẹ̀. Kọnkéré ni Seyhoun lò, ó sì sọ igun ara ilé náà di òpó 12 tí wọ́n dá dúró, tí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín wọn kọjá, kí wọ́n tó pàdé lábẹ́ òrùlé ṣóńṣó lókè. Àlàyé tí àwọn ènìyàn máa ń ṣe ni pé òpó 12 náà dúró fún ẹ̀ka ìmọ̀ 12 tí Ibn Sina ní ní ìkáwọ́. Ẹni tí ó bá mọ ilé Qabus yóò dá a mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, síbẹ̀ yóò rí i pé a kò lè kọ́ irú ilé yìí ní 1006. Ní 1954 ni wọ́n ṣe ayẹyẹ ẹgbẹ̀rún ọdún Ibn Sina níbẹ̀.

Ibojì Khayyam ní Nishapur

Omar Khayyam ni àwọn ará òkèèrè mọ̀ sí akéwì, ṣùgbọ́n ìṣirò ni iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà tirẹ̀. Ó wà lára àwọn tí ó ṣe àtúnṣe kàlẹ́ńdà Páṣíà ní 1079. Ó kú ní Nishapur ní 1131. Òǹkọ̀wé kan tí ó mọ̀ ọ́n, Nizami Aruzi, ròyìn pé òun gbọ́ ọ lẹ́nu Khayyam pé ibojì òun yóò wà ní ibi tí igi yóò ti máa gbọn òdòdó sí i lórí. Ó ní nígbà tí òun padà dé Nishapur lẹ́yìn ikú rẹ̀, òun bá ibojì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọgbà kan, òdòdó igi eléso sì ti bò ó mọ́lẹ̀ débi pé òkúta rẹ̀ kò hàn. Òǹkọ̀wé náà sunkún.

Ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé sórí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro. Bí ó bá fi òrùlé bo ibojì, òdòdó kò ní lè bọ́ sí i mọ́, ọ̀rọ̀ Khayyam yóò sì di òfo. Seyhoun wá ọgbọ́n sí i. Ilé tí ó kọ́, tí wọ́n ṣí ní 1963, kò ní ògiri, bẹ́ẹ̀ ni òrùlé rẹ̀ kò dí pa. Òpó funfun tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́wàá ni ó hù jáde láti ilẹ̀. Bí wọ́n ti ń gòkè ni wọ́n ń tẹ̀, tí wọ́n ń gba orí ara wọn kọjá bí ìgbà tí a bá ń hun apẹ̀rẹ̀, títí wọ́n fi ga tó mítà 22. Àlàfo tí ó wà láàrin wọn lókè ní ìrísí ìràwọ̀, ojú ọ̀run sì ń hàn láti inú rẹ̀. Iye òpó náà kò ṣèèṣì jẹ́ mẹ́wàá, nítorí mẹ́wàá ni ìpìlẹ̀ ìṣirò. Ìṣirò ni ó pinnu bí òpó kọ̀ọ̀kan yóò ti tẹ̀ àti ibi tí yóò ti pàdé èkejì. Ní ibi tí àwọn òpó ti pàdé, ó fi táìlì aláwọ̀ aró sí i, ó sì jẹ́ kí wọ́n kọ ewì Khayyam sára táìlì náà ní ọ̀nà ìkọ̀wé ẹlẹ́wà ti Páṣíà. Onímọ̀ ìṣirò, awòràwọ̀ àti akéwì pàdé pọ̀ nínú ilé kan ṣoṣo. Ó wá yan ààyè fún un nínú ọgbà, níbi tí igi eléso ti yí i ká, kí òdòdó lè máa ráyè já bọ́.

Ibojì Nader Shah ní Mashhad

Nader Shah jọba láti 1736 sí 1747. Ojú ogun ni ó ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀, inú àgọ́ ni ó ń sùn, inú àgọ́ náà ni wọ́n sì ti pa á. Àwọ̀ aró àti òpó tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mu. Òkúta líle tí a kò dán ni Seyhoun lò fún un, ó sì ṣe òrùlé rẹ̀ lọ́nà tí yóò mú ọkàn ẹni lọ sí àgọ́ ọmọ ogun. Lókè ibẹ̀ ni ère Nader lórí ẹṣin wà, iṣẹ́ ọwọ́ agbẹ́gilére àti agbẹ́kùúta Abolhassan Sadighi. Ọdún 1963 ni wọ́n ṣí èyí náà.

Bí a bá fi ibojì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn, a ó rí i pé wọn kò jọra rárá. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ayàwòrán mẹ́ta ni ó ya wọ́n. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ kì í ṣe irú òpó kan tàbí irú òrùlé kan. Ìbéèrè kan náà ni a bi lójú ibojì mẹ́ta, tí ìdáhùn sì yàtọ̀ nítorí pé òkú yàtọ̀. Ibi tí Seyhoun ti yàtọ̀ sí àwọn aládàkọ nìyí. Wọ́n mú ìrísí àtijọ́, wọ́n sì fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí ni òun ń wá ní tirẹ̀, ó sì jẹ́ kí ìrísí tẹ̀lé e.

Ẹ̀wẹ̀, kò yẹ kí a fi ìyìn bo ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó. Ẹgbẹ́ tí ó gbé iṣẹ́ wọ̀nyí fún un, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1922 láti máa tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, sún mọ́ ìjọba àwọn ọba Pahlavi, ìjọba náà sì ń fi àwọn òkú olókìkí wá iyì fún ara rẹ̀. Ní Hamadan, wọ́n wó ilé tí ó ti wà lórí ibojì Ibn Sina tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ tuntun. Ní Nishapur, wọ́n ṣí Khayyam nípò kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ilé àdúrà tí ó ti ń sùn fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn àtijọ́ lóòótọ́ lè bèèrè bóyá ó tọ́ kí a wó àtijọ́ kí a tó bọlá fún un. Ìbéèrè gidi ni, ẹwà ilé tuntun kò sì pa á rẹ́.

Olùkọ́ tí ó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ jáde

Láti 1962 sí 1968, Seyhoun ni ọ̀gá ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Tehran. Ohun tí a fi ń rántí rẹ̀ jù lásìkò yìí ni pé kò jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jókòó sínú iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ó a máa kó wọn lọ sí àwọn abúlé àti ìlú àtijọ́, pẹ̀lú ìwé àti gègé lọ́wọ́, kí wọ́n lọ ya ohun tí wọ́n bá rí: ilé amọ̀, ọjà olórùlé, ilé ìgbèríko tí àwọn oníṣòwò ràkúnmí ti ń sùn, àti òpó ìgbátẹ́gùn tí àwọn ará ìlú aṣálẹ̀ fi ń mú kí inú ilé tutù. Òun náà yóò jókòó láàrin wọn, yóò máa ya tirẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú èyí. Ẹni tí ó wo ilé kan fìrí lè sọ pé òun ti rí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ yà á kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ yóò bèèrè lọ́wọ́ ojú rẹ̀ pé níbo ni ògiri yìí parí sí, kí ni ó gbé òrùlé yìí dúró, èé ṣe tí fèrèsé fi kéré ní ìhà tí oòrùn ti ń mú jù. Ó mọ̀ pé amọ̀ tí ògbójú birikilà kan tí kò mọ ìwé mọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sẹ́yìn lè jẹ́ ìwé kíkà fún ọmọ yunifásítì.

Lára àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀ka náà ní àsìkò yẹn ni Hossein Amanat. Ní 1966, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 24, ó borí nínú ìdíje láti ya ilé gogoro tí yóò dúró ní ẹnu ìwọ̀lú Tehran. Wọ́n ṣí ilé náà ní 1971, nígbà ayẹyẹ 2,500 ọdún tí wọ́n ti dá ìjọba ọba sílẹ̀ ní Páṣíà. Ó ga tó mítà 45, òkúta funfun ni wọ́n fi bò ó. Ọ̀nà ńlá tí ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ní ìtẹ̀kọrọdọ méjì: èyí tí ó wà nísàlẹ̀ tẹ̀ bí ti ààfin àwọn ọba Sasan, tí wọ́n jọba kí ẹ̀sìn Mùsùlùmí tó dé, èyí tí ó wà lókè ṣe ṣóńṣó bí ti mọ́sálásí. Àwọn ilà òkúta tí wọ́n hun mọ́ra ni ó so méjèèjì pọ̀. Ìgbà méjì tí àwọn ènìyàn máa ń fi bá ara wọn jà ni ọ̀dọ́kùnrin náà fi ilé kan mú ṣọ̀kan.

Lẹ́yìn odi

Ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ní 1979, ìjọba ọba wó ní Ìránì. Ilé gogoro tí Amanat yà, tí wọ́n ti sọ ní Shahyad, èyí tí ó jẹ́ ìrántí ọba, di Azadi, èyí tí í ṣe òmìnira. Abẹ́ rẹ̀ ni ogunlọ́gọ̀ ti kóra jọ láti lé ọba náà. Orúkọ yí padà, òkúta kò yí padà. Amanat fúnra rẹ̀, tí ó jẹ́ ẹlẹ́sìn Baháʼí, ẹ̀sìn tí ìjọba tuntun kò fi ojúrere wò, fi ìlú sílẹ̀. Seyhoun náà lọ. Vancouver ni àwọn méjèèjì fi ṣe ibùgbé nígbẹ̀yìn.

Àjò kì í dùn kí onílé má rẹ ilé. Bí ó ti wù kí àjò gba ènìyàn tó, ohun kan wà tí kò lè fún un. Ayàwòrán-ilé ní ìyà àtìpó tí ó ju ti akéwì lọ. Akéwì lè kó ewì rẹ̀ sínú àpò, kí ó sì gbé e sọdá òkun. Ta ni yóò gbé ibojì Khayyam sọdá òkun? Ẹni tí ó kọ́ ọ kò lè lọ jókòó sábẹ́ rẹ̀ mọ́ nígbà tí igi bá ń gbọn òdòdó, ṣùgbọ́n àlejò tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí lè lọ.

Kí wá ni ó ṣẹ́ kù? Gègé ṣẹ́ kù, ojú tí ó ti kọ́ bí a ti ń wo nǹkan náà sì ṣẹ́ kù. Seyhoun ń ya àwòrán lọ ní ilẹ̀ àjèjì títí ó fi di arúgbó. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó fi ń ya òkè, pápá àti abúlé. Bí ọmọ-ọmọ Mirza Abdollah, ó ti há àkójọ náà sórí kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó dé.

Amanat ní tirẹ̀ fi hàn pé ìlànà tí ó ti ilé-ẹ̀kọ́ yẹn jáde kì í ṣe ti Ìránì nìkan. Ní 1984, wọ́n ṣí ilé ìjọsìn Baháʼí tí ó yà ní erékùṣù Samoa, láàrin òkun Pàsífíìkì. Kò gbé ìrísí mọ́sálásí tàbí ààfin Páṣíà lọ bá wọn níbẹ̀. Ilé ìbílẹ̀ àwọn ará Samoa ni ó wò, ilé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn, ó sì ṣe òrùlé rogodo lé e lórí. Ilé àwọn onílé ni ó kọ́kọ́ wò kí ó tó sọ ọmọ wọn lórúkọ.

Àsọkágbá

Ọ̀rọ̀ Seyhoun kan olùkọ́ àti ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ gidigidi. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ́ni ní èdè tàbí àṣà yóò bá ọ̀nà méjì tí Seyhoun bá ní Tehran pàdé. Àwọn kan ń fẹ́ kí a máa há àtijọ́ lásán láìbèèrè ìdí rẹ̀. Àwọn mìíràn ń fẹ́ kí a kó gbogbo rẹ̀ dà nù. Ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ni ni pé àtijọ́ ní ìdí, ẹni tí ó bá sì di ìdí náà mú lè yí ìrísí padà láìsọ ilé nù. Ó tún kọ́ni pé ìdí kì í hàn sí ẹni tí ó jókòó sójú kan. Ó yẹ kí a kó ọmọ jáde, kí a jẹ́ kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà á tàbí kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìjọba lè wó, orúkọ ilé lè yí padà, a sì lè ti ilẹ̀kùn ìlú mọ́ ẹni tí ó tún un ṣe. Seyhoun kò ní agbára lórí ọ̀kankan nínú wọn. Ohun tí ó ní agbára lé lórí ni ohun tí ó fi sínú àwọn ọmọ tí ó kó lọ sí ẹ̀yìn ògiri amọ̀, tí ó ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n wò ó dáadáa, kí wọ́n sì yà á.